Àwòdì Òkè Ò Mọ̀ Pé Mò Ń Wo Òun

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fi skóòpù yà láyé mi, dúdú ni gbogbo ẹ̀, àfi òbírí kékeré kan láàárín tó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú wo ìta láti inú páìpù omi. Nǹkan funfun kan wà nínú òbírí yẹn. Mo sáré fi han ìyàwó mi, mo ní wò ó, lékeléke rèé, ní adágún Jabi n'Ábújá níbí, láti òdìkejì omi lọ́hùn-ún. Ó gba fóònù, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní "Dádì, ṣé kì í ṣe ọ̀rá pure water lèyí?" Inú bí mi díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo padà débẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, lékeléke mi ṣì wà lórí ẹ̀ka kan náà, kò kúrò lójú kan, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Ọ̀rá pure water ni lóòótọ́.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí, mo ti ń mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí ẹyẹ, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé kámẹ́rà wo ni mo fi ń ya àwọn ẹyẹ tí mò ń gbé sórí status mi, ṣé mo ti ta ilẹ̀ ni. Rárá o. Fóònù mi náà ni, èyí tí alert bánkì ń wọlé sí. Ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló yàtọ̀, awò awọ̀nà-jíjìn kan tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń pè ní spotting scope, èmi ò lè máa pe gbogbo ìyẹn tán, skóòpù ni mò ń pè é jàre. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ o, ọ̀pọ̀ nínú tìyẹn a máa dorí nǹkan kodò. Ọ̀gá mi kan ní ọ́fíìsì ló ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti padà sí Òṣogbo, wọ́n ní kí n wá gbé e lówó pọ́ọ́kú torí ojú àwọn ò gbé e mọ́. Mo gbé e. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ìdí tí mi ò fi ra kámẹ́rà gidi ò ju owó lọ. Lẹ́ǹsì 600mm tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yà ń lò (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ló ń fa nǹkan sún mọ́ ni tó), owó ẹ̀ á ra mọ́tò tòkunbọ̀, á tún kù tí wàá fi ra epo sí i. Lẹ́ǹsì fóònù mi, tá a bá fi wé ti kámẹ́rà, kò ju bíi 26mm lọ. Tí skóòpù bá wá sọ nǹkan di ìlọ́po 20, 26 lọ́nà 20, 520mm nìyẹn, lórí fóònù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ ṣá. Ní 1999 ni ará Malaysia kan, Laurence Poh, gbé kámẹ́rà kékeré Nikon Coolpix 950 sẹ́nu skóòpù tiẹ̀, ohun tó jáde ya òun fúnra ẹ̀ lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi han gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe di nǹkan nìyẹn. Kámẹ́rà ọ̀hún, mẹ́gápíksẹ́lì bíi 2 ló ní. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí jù ú lọ dáadáa, kò sí pé ò ń wá àwáwí.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́, ojúkòkòrò ni. Wọ́n kọ 20-60x60 sára skóòpù yẹn, ìyẹn ni pé ó lè sọ nǹkan di ìlọ́po 20 títí dé ìlọ́po 60. Mo ní háà, 60! Kí ni mo fẹ́ fi 20 ṣe? Mo yí i dé 60 gbáà, mo fi í síbẹ̀ fún bí oṣù méjì, gbogbo fọ́tò mi sì ń jáde bí ẹni pé inú àmù ni mo ti ń yà wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bó o bá ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ ọ tó ni ìmọ́lẹ̀ á máa sá fún ọ tó. Gíláàsì iwájú skóòpù mi fẹ̀ ní 60mm, ìyẹn lẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kò sì lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá fi í sí 20, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lápá ibi tí ojú ẹ wà á fẹ̀ tó 3mm, ìyẹn 60 pín sí ọ̀nà 20. Tó o bá yí i dé 60, 1mm péré ló kù. Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni, ìwọ lo wá pe ọgọ́ta àlejò dípò ogún. Fóònù á wá máa jà, á lajú sílẹ̀ pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o, kó tó pajú dé ẹyẹ ti mirí, èmi náà ti mí, ó parí.

Ooru wá tún ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ ní aago méjìlá ọ̀sán sí etí omi Jabi, kó o gbójú sẹ́nu skóòpù, wàá rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó lórí kọnkéré àti lórí omi bí epo tó ti gbóná, ẹyẹ tó dúró jẹ́ẹ́ á máa jó ijó tí ò gbọ́ ìlù ẹ̀. Kò sí skóòpù tó lè wo ìyẹn sàn, èyí tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù náà ò lè ṣe é, torí kì í ṣe gíláàsì ló ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìwọ àti ẹyẹ ni, bí ẹyẹ bá sì ṣe jìnnà tó ni afẹ́fẹ́ yẹn ṣe pọ̀ tó. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn o. Torí ẹyẹ ọ̀nà jíjìn ni mo ṣe gbé nǹkan yìí, ó wá já sí pé ẹyẹ tó wà ní ogún mítà, ọgbọ̀n mítà sí mi ni fọ́tò ẹ̀ ń dáa. Èyí tó wà lódìkejì omi, mo lè rí i, mo lè mọ orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò gidi? Gbàgbé. Báyìí, láàárín 20 sí 30 ni mo máa ń fi í sí, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí kó ti di bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, mò ń sùn.

Òbírí dúdú yẹn nkọ́? Fóònù tí ò jókòó dáadáa ni. Lẹ́ǹsì fóònù gbọ́dọ̀ wà ní ojú kan pàtó sí ẹnu skóòpù, tó bá jìn jù, ó dúdú, tó bá sún mọ́ jù, ó dúdú, tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíńtín, apá kan á dúdú bí òṣùpá tó ń wọ̀ọ̀kùn. Mo ń fi ọwọ́ dì í mú nígbà yẹn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ fi ọwọ́ kan di fóònù, ẹ fi ìkejì tún skóòpù ṣe, kí ẹ wá fi imú tẹ bọ́tìnnì. Adápítọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra ọ̀kan, ike ni, kò pé oṣù kan tó fi là sí méjì. Bí mo ṣe lọ sí Dei-Dei lọ́jọ́ kan nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé, mo gbé gíláàsì ẹ̀yìn skóòpù dání bí ẹni tó ń wá ìdérí fún ìkòkò, mò ń wọn páìpù PVC káàkiri títí ọ̀kan fi bá a mu rẹ́gí. Púlọ́ńbà kan gé e fún mi ní ìwọ̀n ìka méjì, ó lu ihò sí ìdí ẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kéèsì fóònù àtijọ́ kan. Púlọ́ńbà bi mí pé àísàn kí ló ń ṣe fóònù tó fi nílò páìpù. Páìpù yẹn náà ni mò ń lò títí di òní.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa torí ó jẹ mí lóṣù mẹ́ta. Tí fóònù yín bá jẹ́ olójú méjì tàbí olójú mẹ́ta, ojú kan ṣoṣo nínú wọn lẹ gbé sẹ́nu skóòpù. Bẹ́ẹ bá wá ń sún un látorí fóònù kí òbírí dúdú lè kúrò, tẹ́ ẹ dé 2x tàbí 3x, fóònù lè fò lọ sórí ojú kejì láì sọ fún yín, ojú tó jẹ́ pé ara páìpù lòun ń wò. Lójijì gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn. Mo rò pé fóònù mi ti bàjẹ́, mo gbé e fún onífóònù, ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti tún un ṣe. Kí ló tún ṣe? Ọlọ́run ló mọ̀. Mi ò kí ń sún un kọjá 1.5x mọ́.

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ra yẹpẹrẹ. Tèmi ò wúwo tó, nítorí náà mo máa ń so àpò kan tí mo kó òkúta sí mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa mì í. Ẹ má sì fi ìka tẹ fóònù láti yà á, ìka yín yẹn nìkan tó láti ba nǹkan jẹ́, ẹ fi táímà ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí i tàbí kí ẹ ki earphone olókùn bọ̀ ọ́, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè yẹn a máa ya fọ́tò. Ìyẹn tó.

Yorùbá ní bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò ẹ̀. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó bá ti fò, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, torí ohun tí skóòpù ń rí kéré bí ihò abẹ́rẹ́, kó o tó yí i débẹ̀ ẹyẹ ti dé Súléjà. Ẹyẹ tó mọ̀ ọ́n dúró ni mò ń wá, èyí tó ń ṣọ́ ẹja, èyí tó ń yá oòrùn, èyí tó yó. Kódà rírí èyí tó dúró náà gba ọgbọ́n. Ìgbà kan mo jókòó fún ogún ìṣẹ́jú mò ń wá ẹyẹ kan tí mò ń fi ojú lásán wò kedere. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ mú àmì nǹkan ńlá tó wà nítòsí ẹ̀, òkúta, ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé, kí n fi skóòpù wá òkúta yẹn ní 20, kí n wá rọra rìn láti ibẹ̀ lọ bá ẹyẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ Àbújá fúnra ẹ̀. Ìlú ìjọba ni, kò sì sí bó o ṣe lè gbé nǹkan gígùn lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó o kọjú ẹ̀ síbì kan, kó o wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹnì kankan má bi ọ́ léèrè. Lọ́jọ́ kan lápá Úṣáfà, nítòsí dáàmù Usuma, mo ti fojú sẹ́nu skóòpù, mi ò gbúròó nǹkan kan, ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi "Kai! Me kake yi a nan?" pé kí lò ń ṣe níbí. Mo yíjú padà, sìkìọ́rítì mẹ́ta, ọ̀kan gbé kùmọ̀ dání. Hausa mi ò dán mọ́rán àmọ́ ó tó ra ẹran. Mo ní "Ina ɗaukar hoton tsuntsaye ne." Ó wo èkejì ẹ̀. "Tsuntsaye?" Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ó ń ya fọ́tò ẹyẹ? Wọ́n ò gbà. Wọ́n ní kí n tú ẹrù, kí n ṣí fóònù. Mo ti ń rò ó pé mo ti dèrò àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, mo wá ní ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín kí ẹ tó mú mi lọ.

Olórí wọn bọ́ fìlà, ó tẹ̀ ba. Ẹyẹ apẹja kékeré kan ló wà níbẹ̀ lórí koríko odò, èyí tí ò tó ẹ̀kún ọwọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ búlúù tó ń dán, ẹnu ẹ̀ pupa bí ata ṣọ̀ńbọ̀. Ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Mo rò pé ó sùn. Ó wá pariwo, "Wallahi, ga idonsa!" ó ní ẹ wá wo ojú ẹ̀, ó ń ṣẹ́jú! Èkejì tì í kúrò, ẹ̀kẹta ju kùmọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń jà sí i bí ọmọ tó ń jà sí àkàrà, ẹyẹ ní tiẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti gba ẹnì kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó tú ẹrù níbikíbi, ọ̀dọ̀ sìkìọ́rítì tàbí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà abúlé ni mo ń kọ́kọ́ lọ, mo á kí wọn, mo á jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Mi ò sì kí ń kọjú skóòpù sí afárá, sí bárékè, sí ilé ìjọba, àní bí òkìn bá ń jó lórí òrùlé wọn.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá mi àgbà. Láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku láti Sàhárà á bo gbogbo ojú ọ̀run, Zuma Rock gan-an á dàbí òjìji. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi etí àgbádá nu gíláàsì. Mo gbọ́ ọ tó ń han gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, iyanrìn ni eruku yẹn o, ó ti ha lẹ́ǹsì mi títí láé, ilà kan ń bẹ níbẹ̀ tí mo ń rí nínú gbogbo fọ́tò tí oòrùn bá ti kọjú sí mi. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná, ẹ lo róbà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọdé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí aṣọ tó kàn án. Àti pé tí mo bá gbàgbé gbogbo ìyókù, mi ò ní gbàgbé èyí, ẹ má fi skóòpù wo oòrùn, ojú á fọ́, kì í ṣe àfiwé.

Nǹkan méjì ló jẹ́ kí n má tà á. Èkínní ṣẹlẹ̀ ní adágún kan lọ́nà Bwari, ní òpin òjò, òṣíbàtà ti bo omi. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní jakánà, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, orí ewé òṣíbàtà ló ń rìn, kò rì. Mò ń ya ọ̀kan nínú wọn, pupa rẹ́súrẹ́sú lára, àyà ẹ̀ ní àwọ̀ wúrà díẹ̀, mo wá rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo kà á. Méjì tiẹ̀ nílẹ̀, mẹ́rin tíńtìntín sì rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ apá ẹ̀. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo tẹ fídíò. Ó rìn dé orí ewé mìíràn, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ṣí apá, ọmọ méjì já bọ́, wọ́n gbọn ara, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó fi apá gbé wọn mọ́ra bí ẹni gbé ìwé ìròyìn sí abíyá ni! Mo délé mo kà nípa ẹ̀, bàbá ni. Ìyá lè ní ọkọ tó ju ẹyọ kan lọ, á yé ẹyin, á lọ bá tirẹ̀, bàbá ló ń sàba, òun náà ló ń pọ̀n. Ìyàwó mi wo fídíò yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ó sì ti ń fi ṣe àkàwé fún mi láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àlùkò ni. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ìtumọ̀ ẹ̀ ò yé mi lójú. Ti lékeléke yẹn rọrùn, àmọ́ ẹfun ọ̀hún ló ń da fọ́tò rú jù, fóònù ò mọ funfun, á tan ìmọ́lẹ̀ jù, ìyẹ́ gbogbo á wá di bátabàta bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Mo máa ń tẹ ara ẹyẹ lójú fóònù, máa di ìka mú níbẹ̀ títí á fi tì í pa, máa wá fà á wálẹ̀ kó ṣókùnkùn díẹ̀, ìgbà yẹn ni ìyẹ́ á yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbe ní tiẹ̀, igbó kìjikìji ló ń gbé, mi ò tíì pàdé ẹ̀ lápá ibí. Ẹbí wọn aláwọ̀ eérú tó ń rẹ́rìn-ín kèè-kèè-kèè lórí igi máńgòrò ló pọ̀ n'Ábújá. Àlùkò, mo rí i lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ létí odò kan, aago méje kọjá díẹ̀. Orí ẹ̀ pupa, ẹnu ẹ̀ pupa, iwájú orí ẹ̀ sì yẹ́lò bí ẹni fi ìda lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gbogbo ara ẹ̀ tó kù, aró dúdú ni. Mo ní osùn dà? Ṣé orí kékeré yìí ni wọ́n torí ẹ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn? Mo ń ya fídíò lọ. Nígbà tó wá fẹ́ fò, ó ṣí apá, mo sì lanu sílẹ̀. Gbogbo inú ìyẹ́ apá ẹ̀ ni osùn, bí ẹni rẹ ọwọ́ méjèèjì bọ inú igbá osùn dé ìgbọ̀nwọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti lọ. Mo lọ já a jáde nínú fídíò, ọ̀kan péré ló mọ́ gaara. Wọ́n ní kọ́pà wà nínú àwọ̀ yẹn, pé ẹbí àwọn ẹyẹ yìí nìkan ló ní irú ẹ̀, èmi ò yà mí lẹ́nu. Àwọn bàbá wa ò ní skóòpù o, wọ́n sì ti rí i.

Mo ti gbé e dé Jọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, sí Amurum ní Laminga, igbó tó yí APLORI ká, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì. Torí ẹyẹ kan tí ò ju ìka mẹ́fà lọ ni mo ṣe lọ, Rock Firefinch, pupa bí ẹyín iná, láàárín òkúta ló ń gbé. 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ, ẹ sì gbọ́ bó ṣe jẹ́ o, ẹyẹ olè kan ló tú u fó. Ẹyẹ dúdú kékeré kan wà tí kì í tọ́ ọmọ ẹ̀, inú ìtẹ́ ẹlòmíì ló ń yé ẹyin sí, ọmọ yẹn á sì kọ́ orin bàbá tó gbà á tọ́. Àwọn onímọ̀ gbọ́ tó ń kọ orin kan lórí òkè Jọ́ọ̀sì tí ò jọ ti ẹyẹ kankan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní orin ta lò ń kọ? Bí wọ́n ṣe wá alágbàtọ́ rí nìyẹn. Mo jókòó ti omi kékeré kan láàárín àpáta fún wákàtí mẹ́ta. Ó wá mumi. Fọ́tò mẹ́rìnlá, méjìlá bàìbàì, ọ̀kan ìrù nìkan, ọ̀kan dáa.

Àṣìṣe tó ń dùn mí títí dòní kì í ṣe ti lẹ́ǹsì. Mo rí ìtẹ́ igún kan, mo yà á, mo gbé e sórí status, mo sì dárúkọ àdúgbò àti igi tó wà. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ dáadáa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè júwe ibẹ̀, oníbàárà òun kan nílò orí ẹ̀. Yorùbá náà ló ni pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, àwa náà la wá ń rà á lọ́jà. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ irú igún yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà létí ìparun pátápátá. Mo pa status rẹ́. Mi ò padà lọ wo igi yẹn, mi ò fẹ́ mọ̀. Báyìí, ohun tí mo bá rí, iṣẹ́ kíka ẹyẹ Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project, ni mò ń fi ránṣẹ́ sí, wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àpótí àpótí tó tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú àti lóròó, nínú ẹ̀ wọ́n á mọ̀ pé igún wà lápá ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ti ibẹ̀ mọ igi wo.

Ní oṣù kejì tó kọjá mo tún wà ní Jabi, aago méje àárọ̀, ọyẹ́ ti ń fúyẹ́. Àwọn àwòdì ti ń kọ́lé, ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tiwọn. Ọ̀kan bà lé igi kan tí ò jìnnà sí mi, bíi mítà márùndínlọ́gbọ̀n, nǹkan funfun kan wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo fi skóòpù sí 20, mo tẹ bọ́tìnnì earphone, mo mú un kó tó gbé e lọ sí ìtẹ́. Mo délé mo fi han ìyàwó mi. Ó wò ó, ó ní "Dádì, ọ̀rá pure water rèé."

Mo ní òun ni. Wo èékánná tó dì í mú.